Géètì Tí Wọ́n Tì Nítorí Ẹlẹ́dẹ̀ Igbó

Ọjọ́ Kẹfà, Oṣù Kejì

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ kú ojú lọ́nà pẹ̀lú, torí mo mọ̀ pé ẹ ti ń retí ìwé mi. Ṣé ara yín le? Ṣé ojú yín kò tíì burú ju bí ẹ ṣe sọ lọ?

Mo rí ìwé tí ẹ kọ pé dókítà ti dá ọjọ́ tí wọ́n máa ṣe iṣẹ́ abẹ ojú yín, àti pé ẹ fẹ́ kí n wálé kí n lè wà níbẹ̀. Bàbá, ẹ má bínú. Mi ò lè wá báyìí. Kì í ṣe pé mi ò fẹ́. Ẹlẹ́dẹ̀ igbó ni kò jẹ́.

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ilé tí mo ti ń tọ́jú ìyá arúgbó yìí ló gbẹ̀yìn ní òpópónà. Téèyàn bá ti kúrò lẹ́yìn ìdáná, igbó ló kù. Àwọn ẹlẹ́dẹ̀ igbó ń ti ibẹ̀ jáde, wọ́n á gba abẹ́ ọgbà onírin wọlé, wọ́n á hú gbogbo àgbàlá bí ẹni tó fẹ́ kọ ebè. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mẹ́fà ni mo kà láti ojú fèrèsé. Ìyá wọn tóbi tó tábìlì. Ó gbé imú sókè, ó wò mí bí ẹni pé èmi ni àlejò tó wá láìjẹ́ kí wọ́n mọ̀.

Nítorí wọn ni ọ̀gá, ìyẹn ọmọ ìyá arúgbó tó gbà mí síṣẹ́, fi ń ti géètì pa. Ìlú mìíràn ló ń gbé. Ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, á wá lọ́jọ́ Sátidé, á kó oúnjẹ wá, á ti géètì, á mú kọ́kọ́rọ́ lọ. Ó ní bí mo bá jáde tí mo gbàgbé géètì sílẹ̀, tí ẹlẹ́dẹ̀ sì wọlé ṣe ìyá òun léṣe, ta ni òun máa mú? Ọ̀rọ̀ náà mọ́gbọ́n dání. Ó ní ọjọ́ tí àwọn ẹlẹ́dẹ̀ bá dẹ́kun wíwá ni òun máa fún mi ní kọ́kọ́rọ́ tèmi, tí òun á sì jẹ́ kí n lọ sílé fún odidi oṣù kan.

Ìdí tí mo fi ń bẹ̀ yín nìyẹn. Ẹ̀yin lẹ fi ogún ọdún ṣọ́ oko ilé-ẹ̀kọ́ àgbẹ̀. Ìmàdò, ọ̀bọ, ọ̀yà, kò sí èyí tí ẹ ò bá fa wàhálà rí. Ẹ sọ ohun tí mo máa ṣe fún mi. Tí wọ́n bá ti lọ, mo ti ń bọ̀ nìyẹn.

Fóònù mi tó bọ́ sómi ṣì wà lọ́wọ́ ọ̀gá, ó ní òun ń bá mi tún un ṣe. Ẹ ṣì máa kọ̀wé. Obìnrin tó ń pín lẹ́tà ládùúgbò yìí ló ń gba tèmi láàárín irin géètì. Alápò ni mò ń pè é, torí báàgì tó ń gbé kọ́rùn fẹ́ẹ̀ tóbi jù ú lọ.

Èmi ni ọmọ yín,
Akọ̀wé.


Ọjọ́ Kìíní, Oṣù Kẹta

Akọ̀wé mi,

Mo kí ẹ o. Ìwé rẹ dé. Mo gbé e sún mọ́ fèrèsé, mo gbé e jìnnà, kí n tó rí i kà. Nígbà tí mo dé ibi tí o ti ní ẹlẹ́dẹ̀ ni kò jẹ́ kí o wálé, mo rò pé ojú ló ń ṣe mí. Mo tún un kà. Ẹlẹ́dẹ̀ náà ni.

Láti ìgbà wo ni ẹlẹ́dẹ̀ ti ń fún èèyàn láyè lẹ́nu iṣẹ́? Tó bá jẹ́ pé o ò fẹ́ wá, sọ fún mi. Mo ti dàgbà tó ẹni tó lè gbọ́ ọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ lọ, ó ní iṣẹ́ pọ̀. Ìwọ náà lọ, o ní ẹlẹ́dẹ̀ pọ̀. Mo ti bẹ dókítà pé kó sún ọjọ́ náà síwájú. Mo sọ fún un pé akọ̀wé mi ń bọ̀, òun ló ń bá mi kọ gbogbo ìwé láti kékeré, òun ló yẹ kó bá mi ka ohun tí wọ́n bá ní kí n tọwọ́ bọ̀.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ mi lo bi mí léèrè, mi ò sì ní fi ìbínú dáhùn ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Gbọ́. Ìmàdò kì í wá sílé èèyàn torí pé ó kórìíra onílé. Ikùn ló ń gbé e wá. Kó gbogbo ohun jíjẹ kúrò níta. Èso tó bá já bọ́ lábẹ́ igi, máa ṣà á láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ìdọ̀tí ìdáná, inú garawa tó ní ìdérí ni kó máa wà, kí o gbé òkúta lé e lórí. Gé koríko ẹ̀gbẹ́ ọgbà mọ́lẹ̀, torí kì í fẹ́ gba ibi gbalasa kọjá. Lẹ́yìn ìyẹn, wá ibi tó ń gbà wọlé. Wàá rí ẹrẹ̀ àti irun lára wáyà. Gbẹ́lẹ̀ ibẹ̀ jìn dé orúnkún, ri wáyà líle mọ́ ọn, kí o to òkúta lé e. Má fi májèlé sí nǹkan kan o, ẹran tó ń kú lọ burú ju èyí tí ara rẹ̀ le. Má sì dúró sáàárín ìyá àti ọmọ rẹ̀ láé. Lọ́dún tí a bí ẹ, ọ̀kan gbé mi gun igi fún odidi ọ̀sán. Ìyá rẹ gbé oúnjẹ mi wá sóko, ó dúró nísàlẹ̀, ó ń bi mí pé kí ni mò ń wá lókè.

Ṣe é bó ṣe yẹ. Mi ò fẹ́ gbọ́ pé ọmọ mi fi iṣẹ́ sílẹ̀ láìparí. Parí ẹ, kí o máa bọ̀.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ Kẹrìnlélógún, Oṣù Kẹta

Bàbá mi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìmọ̀ràn. Ọ̀rọ̀ yín dùn mí, mi ò ní purọ́. Mo kà á lẹ́ẹ̀kan, mo ká a, mo fi sábẹ́ ìrọ̀rí, ó tó ọjọ́ méjì kí n tó tún lè wò ó. Ẹ ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé mo jókòó síbí tí mò ń jayé. Ojoojúmọ́ ni mo máa ń nu ojú ìyá arúgbó yìí láàárọ̀, ojú yín ni mo sì máa ń rántí.

Ṣùgbọ́n mo ṣe gbogbo ohun tí ẹ wí. Ọ̀gá kò kọ̀, ó kó wáyà àti ṣọ́bìrì wá. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi gbẹ́lẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ mi bó. Màmá, bí mo ṣe ń pe ìyá arúgbó nìyẹn, jókòó sójú fèrèsé, wọ́n ń wò mí. Mo rí irun lára wáyà bí ẹ ṣe wí gẹ́lẹ́, ó le bí ti búrọ́ọ̀ṣì. Mo to òkúta. Mo ṣa èso. Mo dé garawa.

Bàbá, wọn ò wá! Ọjọ́ kìíní, wọn ò wá. Ọjọ́ kejì, wọn ò wá. Nígbà tó di ọjọ́ kẹsàn-án, mo jó nínú ìdáná láìsí orin. Sátidé pé, mo ní, "Ọ̀gá, ẹ wá wò ó, kò sí ojú ẹsẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ kan ṣoṣo." Ó yí gbogbo àgbàlá po. Ó ní, "O gbìyànjú." Mo ní, "Kọ́kọ́rọ́ ńkọ́?" Ó ní, "Ṣe sùúrù. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ṣì kéré."

Lọ́jọ́ kọkànlá, mo ṣílẹ̀kùn ìdáná, àgbàlá ti di ebè. Wọn ò gba ibi tí mo ri wáyà sí. Ẹ̀yìn ilé ìkẹ́rùsí ni wọ́n gbà, wọ́n wó ọgbà níbẹ̀ bí ẹni pé nǹkan ń pè wọ́n. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, mo sunkún bí ọmọdé. Kí ni mo ṣe tí kò dáa?

Ọmọ yín.


Ọjọ́ Kẹtàdínlógún, Oṣù Kẹrin

Akọ̀wé mi,

Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ojú tó ń dùn mí ló bá mi kọ ìwé ọjọ́sí. Yọ ọ́ kúrò lábẹ́ ìrọ̀rí, kí o fi dáná.

O ò ṣe àṣìṣe kankan. Ẹran tó bá dé ibì kan lẹ́ẹ̀mẹta tí kò rí jẹ, ibòmíì ló máa gbà lọ. Kì í forí wó ọgbà tó le nítorí ilẹ̀ lásán. Tó bá wó o, á jẹ́ pé ó gbọ́ òórùn oúnjẹ lódìkejì. Ẹnì kan ń bọ́ wọn. Lọ wo ilẹ̀ ẹ̀yìn ilé ìkẹ́rùsí yẹn, wo ohun tó ṣẹ́ kù níbẹ̀, kí o sì fara pamọ́ wo ẹni tó máa wá.

Ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn wà. Mo ní kí Hẹ́dímásítà tó wà lẹ́yìn ilé wa bá mi ka ìwé rẹ, torí ojú ọ̀tún ti fẹ́ẹ̀ lọ tán. O mọ̀ ọ́n, ó ti fẹ̀yìn tì báyìí, ṣùgbọ́n kò tíì fẹ̀yìn ti ìbéèrè bíbi. Ó bi mí ní ọ̀rọ̀ méjì tí mi ò rí dáhùn. Láti ìgbà tí o ti dé ilé yẹn, ẹ̀ẹ̀melòó lo ti jáde kọjá géètì? Ìwé ìrìnnà rẹ, ọwọ́ ta ló wà?

Dá mi lóhùn ìyẹn kí o tó dá mi lóhùn ẹlẹ́dẹ̀. Gbogbo géètì tí mo tì nítorí ẹran fún ogún ọdún, èmi tí mo wà nínú ni kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Karùn-ún

Bàbá mi,

Ẹ̀ẹ̀mejì.

Oṣù mẹ́rìnlá ni mo ti wà níbí. Mo jáde lọ́jọ́ tí eyín ń dùn mí, mo jáde lọ́jọ́ tí a gbé Màmá lọ ṣe àyẹ̀wò. Ọ̀gá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nígbà méjèèjì. Ìwé ìrìnnà mi wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kó má baà sọnù. Mi ò ka iye ìgbà tí mo jáde rí, àfi ìgbà tí ẹ bi mí. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo fi ìka kà á, ìka méjì ló dúró.

Mo sì ti rí ẹni tó ń bọ́ wọn. Ọ̀sán ni, lẹ́yìn oúnjẹ, nígbà tí wọ́n rò pé mò ń lọ aṣọ. Màmá ni. Màmá tí wọ́n máa ń ní ẹsẹ̀ àwọn kò lè gbé àwọn dé balùwẹ̀ láìjẹ́ pé mo dì wọ́n mú. Wọ́n fi ọ̀pá rìn dé ẹ̀yìn ilé ìkẹ́rùsí, wọ́n di búrẹ́dì àti ọ̀dùnkún sínú épírọ́ọ̀nù. Wọ́n ń jù ú kọjá ọgbà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni ń pe ọmọ wá jẹun.

Mo pariwo. "Màmá! Ẹ̀yin ni? Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi gbẹ́lẹ̀!"

Wọn ò tiẹ̀ fò. Wọ́n ní, "Rọra. Ìyá wọn ń bọ̀."

"Ẹ̀yin lẹ ń sé mi mọ́lé!"

Ìgbà yẹn ni wọ́n yíjú sí mi. "Èmi? Ṣé mo ní kọ́kọ́rọ́ ni?" Wọ́n tú àpò épírọ́ọ̀nù síta kí n lè rí i. Èérún búrẹ́dì nìkan ló já bọ́. "Láti ìgbà tí bàbá ọmọ mi ti kú ló ti ń ti géètì yẹn. Ọdún mẹ́rin nìyí tí mo ti fẹsẹ̀ ara mi tẹ òpópónà gbẹ̀yìn. Kò sẹ́ni tó ń wá kí mi mọ́ àfi àwọn wọ̀nyí. Wọ́n dẹ́kun wíwá fún ọjọ́ mẹ́wàá, mi ò gbọ́ ohùn kankan lẹ́yìn ilé. O fẹ́ kí n jókòó máa wo ògiri?"

Mo ti ń bá Màmá bínú nínú ọkàn mi láti ọjọ́ yìí, mo rò pé àwọn ni wọ́n ń ṣọ́ mi. Mo dì wọ́n mú, a jọ wọlé.

Nígbà tí ọ̀gá dé lọ́jọ́ Sátidé, mi ò fẹjọ́ wọn sùn. Mo kàn ní, "Ẹlẹ́dẹ̀ wá o, kò wá o, mo fẹ́ ìwé ìrìnnà mi àti kọ́kọ́rọ́. Ara bàbá mi ò yá." Ó ní, "Ta ló ń kọ́ ẹ ní ọ̀rọ̀ yìí? Àwọn lẹ́tà yẹn ni?" Ó wá ní àwọn ẹlẹ́dẹ̀ ti ń gbójú jù, pé lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ jórinjórin máa wá fi páànù bo géètì látòkè délẹ̀, àpótí lẹ́tà náà á sì bọ́ síta, òun lòun á máa ṣí i. Ọ̀la ni Ọjọ́bọ̀.

Mi ò mọ ibi tí ìwé mìíràn máa gbà jáde. Alápò ti ń lu aago kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Mo ní láti dá ìwé yìí dúró níbí.

Akọ̀wé.


Ọjọ́ Kejì, Oṣù Kẹfà

Akọ̀wé mi,

Mo gba ìwé rẹ lánàá. Kúrò níbẹ̀. Mo ní kí o parí iṣẹ́ kí o tó máa bọ̀, mo gba ọ̀rọ̀ yẹn padà. Fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní àárín, fi ṣọ́bìrì sílẹ̀ nínú kòtò. Bó o bá rí ìwé yìí, kọ ìlà kan péré sí mi. Kọ orúkọ rẹ lásán, ó tó mi.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ Kejìlélógún, Oṣù Kẹfà

Akọ̀wé mi,

Ọwọ́ Hẹ́dímásítà lo rí yìí, ṣùgbọ́n ẹnu mi ni. Wọ́n ti ṣe ojú ọ̀tún. Hẹ́dímásítà ló tẹ̀ lé mi lọ, ó bá nọ́ọ̀sì jà lórí bí wọ́n ṣe kọ orúkọ mi. Wọ́n ti fi báńdéèjì dì í, wọ́n ní kí n má sunkún. Wọn ò mọ ohun tí wọ́n ń sọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà nìyí láti ọjọ́ tí o ti kọ ìwé gbẹ̀yìn. Mo máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà ní gbogbo àárọ̀. Èmi ni mo ń kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń ri wáyà mọ́lẹ̀. Mo jókòó síbí, mo ń fi ọgbọ́n orí mi bá ọkùnrin yẹn tún ọgbà tó fi sé ọmọ mi mọ́ ṣe, mo sì tún ń bá ọmọ mi wí pé kò yára. Ọ̀rọ̀ yìí ni mò ń bá sùn, òun ni mò ń bá jí.

Mi ò mọ ẹnì kankan nílùú yẹn. Ẹnì kan ṣoṣo tí o dárúkọ fún mi ni Alápò. Mo ní kí Hẹ́dímásítà kọ̀wé sí i ní èdè tó gbọ́. A fi ẹ̀dà rẹ̀ sínú èyí, ká lè mọ̀ pé a ṣe nǹkan.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ Kejìlélógún, Oṣù Kẹfà

Sí obìnrin tó ń pín lẹ́tà ní òpópónà tí a kọ sí ẹ̀yìn ìwé yìí,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ò mọ̀ mí. Èmi ni bàbá ọmọbìnrin tó ń tọ́jú ìyá arúgbó nílé tó gbẹ̀yìn, níbi tí wọ́n fi páànù bo géètì. Ẹ̀yin lẹ ti ń bá a gba lẹ́tà láàárín irin. Kò tíì kọ̀wé sí mi láti ìgbà tí páànù ti dé ibẹ̀.

Mi ò ní kí ẹ bá ẹnikẹ́ni jà. Ohun kan ni mo ń bẹ̀ yín fún. Tí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ lu páànù náà, kí ẹ pè é, kí ẹ bi í pé: Ṣé o lè jáde tí o bá fẹ́? Ohun tó bá fi dá yín lóhùn, ẹ sọ ọ́ fún ẹni tí ẹ bá mọ̀ pé ó yẹ kó gbọ́ ọ.

Èmi náà ṣiṣẹ́ ìta rí, mo mọ̀ pé ẹsẹ̀ ń dùn yín, ilé sì pọ̀ níwájú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ní tèmi.

Bàbá rẹ̀ ni mí.


Ọjọ́ Kẹtàlá, Oṣù Kẹjọ

Bàbá mi,

Èmi ni o. Èmi ni mo rìn lọ fi ìwé yìí síbi tí wọ́n ti ń gba lẹ́tà. Ṣé báńdéèjì ti kúrò lójú yín? Ṣé ẹ ń rí ohun tí mò ń kọ?

Mò ń fọ abọ́ lọ́wọ́ nígbà tí mo gbọ́ tí ẹnì kan ń lu páànù. Mo sáré jáde. Mi ò rí i, àfi orí bàtà rẹ̀ nínú àlàfo tó kù lábẹ́ géètì. Alápò ni. Ó ní, "Bàbá ẹ kọ̀wé sí mi." Mo rò pé ẹ ti kú. Ó wá ní, "Ó ní kí n bi ẹ́, ṣé o lè jáde tí o bá fẹ́?"

Bàbá, mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ fún un. Ó ti dórí ahọ́n mi. Oṣù mẹ́rìndínlógún ni mo ti ń ṣàlàyé ẹlẹ́dẹ̀. Mo gbé e mì, mo ní, "Rárá."

Ó ní, "Ó tó." Mo gbọ́ tí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kejì, ó mú èèyàn méjì wá láti iléeṣẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́, ọ̀kan obìnrin, ọ̀kan ọkùnrin, àti ẹni tó ń ṣí kọ́kọ́rọ́. Ìṣẹ́jú díẹ̀ báyìí ló fi ṣí i. Wọ́n pe ọ̀gá, ó dé kó tó di ìrọ̀lẹ́. Ó ń ṣàlàyé ìdí tó fi tì í, ẹlẹ́dẹ̀ báyìí, ẹlẹ́dẹ̀ báyẹn. Obìnrin yẹn dá ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, ó ní, "Ìwé ìrìnnà rẹ̀ ńkọ́? Ẹlẹ́dẹ̀ á jẹ ìyẹn náà ni?" Inú ọkọ̀ rẹ̀ ni ọ̀gá ti mú un wá, òun àti fóònù mi tí kò bà jẹ́ mọ́, àti lẹ́tà yín méjì tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣí.

Kí n tó kó ẹrù mi, Màmá ní àwọn fẹ́ rí òpópónà. Mo dì wọ́n mú. A rìn dé ṣọ́ọ̀bù tó wà ní kọ́nà, a dúró níwájú rẹ̀. Wọ́n wo ọkọ̀, wọ́n wo obìnrin kan tó ń fa ajá, wọ́n wo bàtà ara wọn. Mo ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká wọlé, ẹ mú ohun tó bá wù yín." Wọ́n ní kò sí ohun tó wu àwọn. Wọ́n ní ariwo náà pọ̀, kí n dá àwọn padà. Àwọn òṣìṣẹ́ yẹn ti fi kọ́kọ́rọ́ géètì lé Màmá lọ́wọ́, wọ́n ní àwọn á rán ẹnì kan máa wá wò wọ́n lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, àti pé ọmọ wọn kò gbọ́dọ̀ ti géètì náà mọ́. Màmá yọ kọ́kọ́rọ́, wọ́n wọlé, wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn tì í láti inú. Mo gbọ́ ọ.

Mo ti ń gbé níbi kan pẹ̀lú àwọn obìnrin mẹ́ta láti ìgbà náà. Ilẹ̀kùn yàrá wa kì í tì dáadáa, mo sì máa ń jí lẹ́ẹ̀mẹta-mẹ́rin lọ wò ó bóyá ó ṣì ń ṣí. Wọ́n ti bá mi ṣètò ìrìn àjò. Ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù tó ń bọ̀ ni màá dé.

Ohun kan ló kù tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi rò kí n tó dé. Nígbà tí Màmá ti géètì tán, mo ṣì dúró níta pẹ̀lú báàgì mi. Wọ́n fi ẹnu sún mọ́ páànù, wọ́n ní, "Tí o bá délé, tí àwọn èèyàn rẹ bá bi ẹ́ léèrè mi, kí ni wàá sọ pé mo jẹ́ sí ẹ?"

Mo dúró títí tí Alápò fi wá di ọwọ́ mi mú. Ẹ bá mi wá èsì tí màá kọ sí wọn.

Ọmọ yín,
Akọ̀wé.